Ajá tó ń hanrun: ohun tí mo ti rí lára àwọn ajá mi n'Ífẹ̀

Tí èèyàn bá ní ajá òun ń hanrun tó sì ń da òun láàmú, ẹ̀rín làwọn tó wà ńtòsí máa kọ́kọ́ rín, wọ́n á ní ṣebí oorun ló ń sùn, ajá tó yó tó tún rí ibi tútù sùn sí, kí ló tún kù. Èmi kì í rín in o. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí ní Ìlódè níbí, ajá ò wọ́n láàárín wa láti kékeré, nígbà tí mo wá kó lọ sí apá Parakin tí mo rí àyè díẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin tèmi. Mẹ́ta ló wà ńlẹ̀ báyìí, wọn ò sì jọra wọn rárá. Tanímọ̀la ni àgbà wọn, bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Bíńgò ni, ajá ìbílẹ̀ wa tí gbogbo yín mọ̀, imú gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, ara líle. Ìkejì ni Ṣùgà, Lhasa onírun yẹtuyẹtu tí àbúrò mi gbé wá láti Èkó. Ẹ̀kẹta ni Jagun, Boerboel tó ń ṣọ́ géètì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti hanrun sí mi létí, ohun tó sì fa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ eléyìí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbọ́ ariwo yẹn lálaalẹ́ tí wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn máa sùn lọ àbí kí àwọn dìde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ariwo ọ̀hún ti ń wá ná. Atẹ́gùn ló ń gba ibi tóóró kọjá. Tí ajá bá ti sùn, ẹran ọ̀fun ẹ̀ á dẹ̀, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu á rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, tí èémí bá wá ń gba ibẹ̀ wọlé ẹran yẹn á máa gbọ̀n, ohun tá à ń gbọ́ nìyẹn. Ìdí tí ajá tó dojú sókè sùn fi máa ń hanrun nìyẹn, tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ á dákẹ́. Nígbà ọyẹ́ náà, tí eruku bá bo gbogbo Ifẹ̀ tí imú àwa èèyàn pàápàá ń gbẹ, ajá lè máa sín kó máa hanrun díẹ̀, tí òjò bá ti dé á lọ. Ẹ̀fín kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ pa máa ń fà á, èéfín sìgá náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ò le, ẹ gbé ajá kúrò nínú èéfín kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn ajá ọdẹ bàbá mi ní tiwọn, mi ò rántí èyí tó ń hanrun nínú wọn, wọ́n tín-ín-rín, imú wọn gùn, ọ̀nà èémí wọn gbòòrò.

Ṣùgà, ọjọ́ tó wọlé wa ló ti ń hanrun. Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mo bi dókítà ẹran léèrè, mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ajá yìí ń hanrun gan-an lóru, ṣé kò sí nǹkan?" Obìnrin ni wọ́n, wọ́n fara balẹ̀ dáadáa, wọ́n gbé Ṣùgà sórí tábìlì, wọ́n wo ihò imú ẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbọ́ àyà ẹ̀, wọ́n wá ní, "Tó bá ń sáré kiri, ṣé ó máa ń dúró kó tó lè mí? Ṣé ó ti dákú rí? Tó bá jẹun tán, ṣé ó máa ń pọ̀ ọ́?" Mo ní rárá sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bó ṣe ń dún yìí, ẹ jẹ́ kó mọ́ yín létí. Ọjọ́ tó bá yí padà ni kẹ́ ẹ gbé e wá bá mi." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tó wúlò jùyẹn lọ fún mi nípa ajá.

Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sọ pé ajá tó ti ń hanrun látilẹ̀ ò lè ní ìṣòro o. Àwọn tí imú wọn kúrú, Pug, Bulldog, French Bulldog, Pekingese, Shih Tzu, kódà Boxer, àwa èèyàn la fi ìbísí sọ ojú wọn di pẹlẹbẹ. A mú eegun imú kúrú, ṣùgbọ́n ẹran tó wà nínú ẹ̀ ò kúrú bá a, gbogbo ẹ̀ wá ń há ara wọn mọ́ ibi kékeré. Ihò imú àwọn míì tóóró débi pé bí wọ́n ṣe ń fa èémí ló ń pa dé. Àjà ẹnu tó rọ̀ yẹn á gùn jù, á máa bo ẹnu ọ̀nà èémí, agbára tí ajá fi ń fa èémí lọ́dọọdún á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹran tó wà nítòsí gògóńgò jáde, ibi tó tóóró tẹ́lẹ̀ á tún wá tóóró sí i. Ní ọdún 1987 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí Bulldog ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i pé tí wọ́n bá sùn, èémí wọn máa ń dá dúró, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn á lọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe àwọn èèyàn tí èémí wọn ń dá lójú oorun gẹ́lẹ́, lọ́sàn-án wọ́n á tún máa tòògbé. Nẹ́dálándì ti dé ibi tí òfin wọn ò ti gbà kí wọ́n mú ajá tí imú ẹ̀ kúrú jù bímọ mọ́. Nítorí náà tí ẹni tó tà á fún yín bá ní "bí irú wọn ṣe ń mí nìyẹn," bí irú wọn ṣe ń mí ni lóòótọ́, ìyẹn ò ní kó má ni wọ́n lára.

Aládùúgbò mi kan, Ìyá Ìbejì, tó ń taṣọ ní Lágere, ní Pug kan. Oṣù Kẹta ni, ẹ mọ bí oòrùn Ifẹ̀ ṣe máa ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ń fi bọ́ọ̀lù bá ajá yẹn ṣeré nínú kọ́ńpáùndù lọ́sàn-án gangan. Mo kàn gbọ́ igbe, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, ẹ wá wo ajá yìí!" Nígbà tí mo máa dé ibẹ̀ ó ti dùbúlẹ̀, ó ń fa èémí pẹ̀lú ariwo tẹ́ ẹ máa gbọ́ láti títì, ahọ́n ẹ̀ ti kúrò ní pupa, ó ti ń di àwọ̀ aró. Ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere o, kò sùn rárá, ìhanrun yẹn náà ló ń dún. A gbé e bọ́ sábẹ́ ibòòji, a da omi tútù sí i níkùn àti lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ń fi páálí fẹ́ ẹ, a sáré gbé e sínú mọ́tò tó ní éè-sì, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ajá ò ní òógùn bíi tiwa, díẹ̀ tó wà wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ṣíṣí ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń mú ara ẹ̀ tutù. Èyí tí ọ̀nà èémí ẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ ò lè mí hẹlẹhẹlẹ tó, bó ṣe ń gbìyànjú ọ̀fun ẹ̀ á tún máa wú sí i. Ìwọ̀n ooru ara ajá máa ń wà láàárín 38 sí 39 ní ìwọ̀n Celsius, tó bá ti kọjá 41 ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Ti Ìyá Ìbejì yẹn yè é, wọ́n padà gbé e lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n la ihò imú ẹ̀ sí i, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára àjà ẹnu tó gùn yẹn. Ó ṣì ń hanrun lóru títí di ìsìnyí, ṣùgbọ́n ó lè rìn dé òpin àdúgbò kó sì padà láìjókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ti Jagun ò gùn. Sísanra ni. Gbogbo ilé ló ń fún un jẹ, àmàlà tó ṣẹ́kù, ẹ̀bà, ẹran, búrẹ́dì láàárọ̀, ọ̀rá wá kó jọ sí i lọ́rùn, ọ̀rá yẹn sì ń tẹ ọ̀nà èémí nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí n fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí n wá egungun ìhà, mi ò rí wọn. Wọ́n tún yẹ irun ara ẹ̀ àti ìrù ẹ̀ wò, torí àìsàn kan wà tó jẹ mọ́ táírọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, ajá tó bá ní in á sanra láìjẹun jù, á máa sùn ṣáá, irun á máa re lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìrù á pá. Jagun ò ní in. A dín oúnjẹ kù, a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀, èmi àti ẹ̀ sì ń rìn ní ìdájí kí oòrùn tó jáde. Bó ṣe ń jò ni ariwo yẹn ń lọ sílẹ̀.

Ti Tanímọ̀la gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Bíńgò tí imú ẹ̀ gùn báyẹn, tí kò hanrun rí látìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ajá, bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun nínú ọyẹ́. Màmá tó wà nínú ilé kejì sí wa ní, "Ogbó ni, ọmọ mi, ìwọ fi sílẹ̀ kó sinmi." Ẹlòmíì ní kí n kán epo pupa sí i nímú, á rọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò kán nǹkan kan. Epo tẹ́ ẹ bá kán sí imú ajá lè bá èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìṣòro kejì tẹ́ ẹ ti dá sílẹ̀ nìyẹn. Mo jókòó tì í. Mo ṣàkíyèsí pé ariwo yẹn ní ẹ̀gbẹ́, ihò imú ọ̀tún ló ti ń wá. Lọ́sàn-án, ihò ọ̀tún yẹn náà ló ń ṣomi, omi tó ki, tó ń rùn díẹ̀, òsì gbẹ ṣáṣá. Tó bá sín, mo ń rí ẹ̀jẹ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́ lára sìmẹ́ńtì. Ó ń fi ẹsẹ̀ ra ojú. Eegun tó máa ń rún wómúwómú tẹ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹ ẹ́, tó bá le ó máa fi í sílẹ̀ fún Jagun, èyí tí kì í ṣe ìwà ẹ̀ rárá.

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn dáadáa, nǹkan tó bá jẹ́ ti eruku tàbí ti ọ̀fìnkìn lásán, imú méjèèjì ló sábà máa ń kàn. Tó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo, nǹkan wà níbì kan pàtó. Ó lè jẹ́ èso koríko tàbí igi tín-ín-rín tó há síbẹ̀, àwọn ajá tó ń wọ igbó ló máa ń ṣe jù, àmọ́ ìyẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, ajá á máa sín léraléra bí ẹni tí ata wọ̀ nímú. Ó lè jẹ́ eyín. Nínú ajá tó ti dàgbà ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú imú, mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín, ohun tí mò ń rò lálẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò fi lè sùn.

Dókítà mú òwú tó fẹ́lẹ́, wọ́n gbé e síwájú ihò òsì, òwú ń jó lọ jó bọ̀ bó ṣe ń mí. Wọ́n gbé e síwájú ti ọ̀tún, kò mira. Ẹ lè ṣe é nílé náà, òwú díẹ̀ tàbí díńgí kékeré, kẹ́ ẹ wò ó bóyá èémí ń kùn ún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, torí eégbọn. Àìsàn tí eégbọn ń gbé kiri pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń mú kí imú ajá ṣẹ̀jẹ̀, ó dẹ̀ yẹ kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì ń dì kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ìyẹn dáa, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n la ẹnu ẹ̀. Eyín gígùn tó ṣe ṣóńṣó lókè lápá ọ̀tún, láti ìta kò burú lójú rárá, ó kàn pọ́n díẹ̀. Wọ́n ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, irin yẹn ń wọlé lọ, ẹ̀jẹ̀ sì jáde nímú. Ihò ti lu láti ìdí eyín bọ́ sínú imú! Gbòǹgbò àwọn eyín òkè wọ̀nyẹn gùn gan-an, eegun tó wà láàárín wọn àti imú ò nípọn, tí ìdí eyín bá jẹrà tó gbọyún, imú ló máa já sí. Wọ́n yọ eyín yẹn, wọ́n fọ ibẹ̀, wọ́n rán an pa, wọ́n fún wa ní oògùn. Oúnjẹ rírọ̀ ló jẹ títí ibẹ̀ fi jinná. Ìhanrun yẹn lọ, omi imú gbẹ, ó sì ti gba eegun ẹ̀ padà lọ́wọ́ Jagun. Ajá tí gbogbo wa fẹ́ pè ní arúgbó, ìrora ló wà lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn nǹkan míì wà tí mo ti wá mọ̀ látinú bíbi àwọn dókítà léèrè ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n dà wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ariwo tó bá ń dún nígbà tí ajá ò sùn burú ju ti oorun lọ. Ajá ńlá tó ti dàgbà, tí ohùn gbígbó ẹ̀ wá yí padà, tó ń ha, tó tún ń mí tariwotariwo tó bá rìn díẹ̀, iṣan tó ń ṣí gògóńgò lè ti ń kú, ẹ má dúró dìgbà ooru. Ajá kékeré tí ikọ́ ẹ̀ dún gbẹ, tó ń ké hoon bíi pẹ́pẹ́yẹ, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi okùn fà á lọ́rùn, ọ̀nà èémí ẹ̀ lè máa wó lulẹ̀. Irú ajá bẹ́ẹ̀ àti àwọn onímú kúkúrú, ẹ bọ́ okùn ọrùn, ẹ lo èyí tó ń gba àyà kọjá. Tí ajá bá ń hanrun tó sì ń dédé ta jí lójú oorun bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, tàbí tó ń jókòó sùn, tó gbé orí lé nǹkan kó lè mí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Ẹ ka èémí ẹ̀ náà. Tí ajá bá sùn wọra, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gíga àti wálẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Kò yẹ kó máa kọjá 30. Tó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra nígbà tí ara ò gbóná, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe imú nìkan mọ́. Ẹ sì mọ àwọ̀ ẹran ìdí eyín ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ yá, pupa rẹ́súrẹ́sú ni ti ọ̀pọ̀, àwọn míì ní dúdú àbínibí níbẹ̀. Tó bá di aró tàbí eérú, àní tó bá jẹ́ aago méjì òru, ẹ máa pe dókítà, ẹ máa lọ.

Fọ́ọ̀nù yín ni kẹ́ ẹ fi ká a sílẹ̀. Ajá ò ní hanrun lọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀rù á ti bà á, ojú ẹ̀ á là sílẹ̀ kedere, ẹ̀yin á wá máa fi ẹnu yín ṣe àpèjúwe ariwo. Fídíò ìṣẹ́jú kan ti tó. Mo ní ti Ṣùgà nígbà tí ara ẹ̀ dáa, mo ní ti Jagun nígbà tó sanra àti lẹ́yìn ẹ̀, dókítà fi wọ́n wéra lójú mi. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fún ajá yín ní abẹ́rẹ́ oorun fún ohunkóhun, kódà kó jẹ́ torí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ó máa ń hanrun. Ọ̀nà èémí tó há lè pa dé nígbà tí ẹran ọ̀fun bá dẹ̀ tán, tí wọ́n bá ti mọ̀, wọ́n á fi rọ́bà sí i lọ́fun, wọn ò ní yọ ọ́ títí ojú ẹ̀ á fi là dáadáa. Parasítámọ̀ àti ibuprofen tẹ́ ẹ ní nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún èèyàn. Wọ́n ń pa ajá.

Eyín ni mo ń bá fà báyìí pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jagun gbà kí n fọ tiẹ̀, Ṣùgà ń janpata, Tanímọ̀la á dúró tó bá rí i pé ẹran wà lọ́wọ́ mi kejì. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ ni mò ń lò, pẹ̀lú pésìtì ajá tí mo rà lọ́dọ̀ dókítà, torí pésìtì tiwa máa ń ní fluoride, àwọn kan tún ní ṣúgà tí wọ́n ń pè ní xylitol tó jẹ́ májèlé fún ajá, ajá ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tu ìfófòó dànù, ṣe ló máa gbé gbogbo ẹ̀ mì. Lẹ́yìn ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, dókítà ní kí n gbé Tanímọ̀la padà wá kí àwọn wo apá òsì náà.